Àwo Kejì Tí Kì Í Ṣe Èkejì: Ẹjọ́ Synchro System

Ìtàn kan wà tí kì í sú àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin Áfíríkà. Wọ́n ní nígbà tí Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, Chris Blackwell tó ni Island Records bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga olóògbé. Wọ́n ní King Sunny Adé ti ìlú Èkó ni ojú rẹ̀ já lé. Island gbé Juju Music jáde fún un ní 1982, ayé hó yèè. Wọ́n gbé Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, ariwo rọlẹ̀. Nígbà tí Aura yóò fi jáde ní 1984, iná ti ń kú lọ, Island sì jọ̀wọ́ Sunny. Ìtàn náà kúrú, ó rọrùn láti há sórí, ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n sì máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀: pé ibi àwo kejì ni ẹsẹ̀ olórin ti máa ń yẹ̀, àti pé ẹni tó bá fi Yorùbá kọrin kò lè rìn kọjá ibi tí Yorùbá mọ.

Àwọn ọdún inú ìtàn yìí péye. Ohun tí wọ́n fi àwọn ọdún náà sọ ni kò péye. Synchro System kò ṣubú, kì í sì í ṣe àwo kejì ẹnikẹ́ni. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kan ní London ni wọ́n sọ di ìtàn ayé olórin Yorùbá, àwa náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn láìtú u wò. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí a ti ń kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ka “èkejì” náà. Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946, ti jẹ iyọ̀ nídìí iṣẹ́ orin kí Island tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí Bàbá Sàlá ṣì ń ṣe olórí ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies kó tó gbájú mọ́ àwàdà. Ní 1967 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Green Spots. Challenge Cup, orin tó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores, gba ìgboro kan ní 1968. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwo ń tẹ àwo. Ọ̀rọ̀ òun àti African Songs, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde nígbà náà, dé ilé ẹjọ́. Nígbà tó sì bọ́ níbẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1970, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records, ó sì sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di African Beats. Òmìnira tí àwọn ọmọ onírọ́ọ̀kì ìlú London ń fi yangàn láti ìparí àwọn ọdún 1970, pé àwọn ń gbé àwo ara àwọn jáde láìsí ọ̀gá lórí àwọn, Sunny Adé ti ń jẹ ẹ́ ní Èkó ṣáájú wọn.

Ní àsìkò yẹn, eléré jùjú tó bá gbé àwo kan ṣoṣo jáde láti January dé December, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ á máa bi ara wọn bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ọdún ń bọ̀, àwo. Ẹni ńlá kú, àwo. Ìjọba yí padà, àwo. Ọ̀tá sọ̀rọ̀ sí eléré, àwo tí yóò fi fèsì kò ní í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní ọjà. Nígbà tí Sunny fi máa tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Island, àwo tó ti gbé jáde lé ní ogún dáadáa. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni àwọn tó ń ka “àkọ́kọ́, èkejì, ẹ̀kẹta” kò kà mọ́ ọn. Wọ́n ń wọn ọkùnrin tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n gé fún ọmọ ogún ọdún mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní gáréèjì bàbá wọn.

Orúkọ àwo náà nìkan tó ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní London tó hùmọ̀ Synchro System. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni Sunny ti ń fi orúkọ náà pe ìlù àti ijó rẹ̀. Synchro System Movement wà lórí igbá ní 1976, àwọn èèyàn ń fi í jó ní Surulérè àti ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tí Island yóò fi tẹ orúkọ yìí sára páálí àwo tirẹ̀, ọmọ ọdún méje ni.

Ó yẹ ká fi Juju Music sí ààyè tirẹ̀ náà. Iṣẹ́ ìkíni ni àwo yẹn ṣe. Martin Meissonnier, ọmọ Faransé tó darí iṣẹ́ náà, ní láti fi olórin tí ayé òyìnbó kò mọ̀ hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí orin tó ti jáde nílé tẹ́lẹ̀ fi wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tún un kọ, tí wọ́n gé e sí ìwọ̀n. Ó dára, ó mọ́, ó sì dùn. Àmọ́ àwo àkójọ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kọ bẹ́ẹ̀ sára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Sunny ń rò nípa orin ní 1983, Synchro System ni kó lọ gbọ́.

Ṣé ó tiẹ̀ wá ṣubú bí? Ká gba ìṣirò wọn fún wọn, ká fi òṣùwọ̀n tiwọn wọ̀n ọ́n. Juju Music àti Synchro System, àwọn méjèèjì ló wọ inú igba àwo tí ìwé ìròyìn Billboard máa ń tò ní Amẹ́ríkà, èkejì sì gòkè ju àkọ́kọ́ lọ. Èkejì yìí kan náà ni wọ́n yàn mọ́ àwọn tí wọ́n ń wò fún ẹ̀bùn Grammy ní 1984, ohun tí àwọn akọ̀ròyìn ilé wa ń kà sí ti ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́. Àwo tó gòkè ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì gbé ẹni tó ni ín dé ẹnu ọ̀nà Grammy, ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣubú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò wo ìwé. Àwọn tó tẹ̀ lé e wo ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ibi tí Grammy tì í sí nìkan ló yẹ kó bí èèyàn nínú. Ẹ̀ka orin ìbílẹ̀ ni wọ́n kó o sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin àwọn baba ńlá. Ẹgbẹ́ tó kó ọ̀wọ́ gìtá oníná, synthesizer àti gìtá onírin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ orí ìtàgé! Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọ London tó ń fi synthesizer ṣeré ni ìwé ìròyìn ń pè ní ohùn ọjọ́ iwájú. Sunny fi irinṣẹ́ kan náà ṣeré, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé e sí nínú ilé àwọn ohun àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ àga Bob Marley ló tún burú jù, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò rántí bí Marley fúnra rẹ̀ ṣe dé orí àga náà. Catch a Fire ni Island kọ́kọ́ gbé jáde fún òun àti àwọn Wailers, ní 1973. Blackwell kó Wayne Perkins, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, àti John Bundrick tó ń tẹ dùùrù wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní London láti fi ohùn rọ́ọ̀kì lé orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní Jàmáíkà. Síbẹ̀, àwo náà kò mi ọjà. Kí ọdún yẹn tó parí, àwo kejì, Burnin', ti jáde. Òun náà kò mi ọjà. Natty Dread tẹ̀ lé e ní 1974, Live! ní 1975. Ìgbà tí Rastaman Vibration jáde ní 1976 ni Marley ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Marley ti ń kọrin ní Kingston kí Island tó mú un. Torí náà Burnin' kì í ṣe àwo kejì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Synchro System kì í ti í ṣe ti Sunny. Gẹ̀ẹ́sì ni Marley sì fi ń kọrin o. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn Burnin' ni wọ́n ti ka ìwé rẹ̀ pa, gbogbo ìtàn tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ì bá má wáyé.

Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan tún wà nínú ilé Island nígbà náà, ọmọ Áílándì mẹ́rin tí wọ́n ń jẹ́ U2. Boy, àwo wọn àkọ́kọ́, jáde ní 1980, àwọn aláríwísí sì gbóríyìn fún un. Èkejì ni October, ní 1981. Kí wọ́n tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ni àpò tí Bono kó ọ̀rọ̀ orin sí ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Portland ní Amẹ́ríkà, ó sì di dandan kó máa hun ọ̀rọ̀ bí aago ṣe ń lọ. Ó hàn nínú àwo náà. Bó bá ṣe pé ènìyàn ń wá àwo kejì tó rẹ̀wẹ̀sì ní Island ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, October ló yẹ kó mú. Àmọ́ kò sí ẹni tó fi October sin U2. Island ní sùúrù fún wọn, War gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1983, The Joshua Tree sì gba gbogbo ayé ní 1987. Lónìí, bí wọ́n bá dárúkọ October, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbà ẹ̀kọ́ ni. Synchro System tó dára jù ú lọ fíìfíì ni wọ́n ń pè ní ìgbà ikú.

Alátakò yóò ní Island fún Sunny náà ní ẹ̀kẹta. Òtítọ́ ni. Stevie Wonder tó jẹ́ ẹlẹ́nu hàmóníkà fọn tirẹ̀ sínú Ase nínú Aura, àwo náà kò sì tà tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní í jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ọjà kò fìgbà gbogbo jẹ́ orin. Ẹgbẹ́ African Beats lé ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, onígìtá, onílù, agberin, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú, ilé ìtura àti oúnjẹ wọn láti ìlú dé ìlú ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti ọmọ mẹ́rin tó lè wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri nípa ìpínyà náà ni pé Sunny kò gbà kí wọ́n sọ orin rẹ̀ di ti Yúróòpù tàbí ti Amẹ́ríkà kọjá ibi tí òun fà á dé. Ẹni tó dúró lórí ohun tó fẹ́, tí àdéhùn sì tú ká, a kì í sọ pé orin rẹ̀ ló kùnà.

Lórí pé èdè Yorùbá ló dá a dúró, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni. Miriam Makeba ti fi èdè Xhosa gbé Pata Pata wọ rédíò Amẹ́ríkà ní 1967. Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù, fi Soul Makossa wọ inú ogójì orin tó lókè jù níbẹ̀ ní 1973, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Duala ló wà nínú rẹ̀, sasofóònù ló kù. Àwọn tó ń jó sí i kò béèrè ìtumọ̀. Ní 2010, Vampire Weekend, àwọn ọmọ onírọ́ọ̀kì New York tí gìtá wọn jẹ gbèsè púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onígìtá Áfíríkà, gbé àwo kejì wọn, Contra, jáde, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Etí tó fẹ́ ohùn náà ti wà. Ohun tí rédíò Amẹ́ríkà kò ní ní 1983 ni ibi tí wọn yóò ti máa lù ú.

Ẹ̀sùn kejì ti ilé wá, ó sì dunni ju ti òkèèrè lọ, torí ẹnu àwọn tó mọ jùjú ló ti ń jáde. Àwọn àgbà olólùfẹ́ Sunny kan máa ń yínmú sí àwọn àwo Island. Wọ́n ní jùjú òyìnbó ni. Wọ́n ní orin tó yẹ kó gba ojú àwo kan tán, tí eléré yóò ti ki ènìyàn mẹ́fà méje, tí gìtá yóò ti máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa okùn ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n gé sí ìṣẹ́jú mélòó kan fún etí àwọn tí kò ní sùúrù. Èyí sì ni wọ́n fi ń ti ìtàn ìṣubú náà lẹ́yìn: òyìnbó kò fẹ́ ẹ, ilé náà kò fẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń sọ èyí gbàgbé ibi tí jùjú ti ṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 tí Túndé King ń kọ orin sórí àwo dúdú tó ń yí kíákíá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àyè tó wà lójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà Àyìndé Bákàrè. Nígbà tí I. K. Dáìrò gba ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, àwo kékeré olórin méjì ló fi ṣe é, orin rẹ̀ kì í sì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Challenge Cup tí Sunny fi di gbajúmọ̀, àwo kékeré ni. Ìgbà tí àwo ńlá di ohun tí gbogbo èèyàn ń rà ni eléré ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè na orin láti etí àwo dé àárín rẹ̀. Torí náà, nígbà tí Sunny ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mélòó kan ní 1983, iṣẹ́ tó ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló padà sí. Ilé ni ìkékúrú ti wá. London kọ́ ló kọ́ wa.

Ẹ tún wo bó ṣe to àwo náà. Synchro Feelings ló fi wọlé, Synchro Reprise ló fi jáde, gẹ́gẹ́ bí eléré ṣe máa ń padà sórí ohun tó fi kí ilé kí ariya tó túká. Mo Ti Mo, Penkele, Maajo, Tolongo wà láàárín, ìlù sì ń gbé wọn fún ara wọn. Nínú Juju Music, gìtá ló máa ń kọ́kọ́ dé etí. Nínú Synchro System, ìlù ni wọ́n gbé síwájú, àwọn gìtá wá ń rọra sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀nba ìró tirẹ̀, tí kò sí èyí tó jẹ́ orin lórí ara rẹ̀, tí wọ́n sì di orin nígbà tí wọ́n bá pàdé. Àwọn tó ní Island ló sọ Sunny di òyìnbó, kí wọ́n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé àwo tó tẹ̀ lé èyí tó kọ́kọ́ tà ní òkèèrè ni ìlù pọ̀ sí.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kéèyàn dúró tì díẹ̀, òun ni gìtá onípẹ́dàlì tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta. Gìtá yìí kì í wà lọ́rùn. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹsẹ̀ irin, ẹni tó ń ta á jókòó sídìí rẹ̀ bí ẹni jókòó sídìí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn; ọwọ́ òsì di ọ̀pá irin kan mú, ó ń fi í yọ̀ lórí àwọn okùn náà; ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dàlì, orúnkún ń ti irin wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́, okùn kan á le, òmíràn á dẹ̀. Àwọn olórin country ní gúúsù Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di tiwọn, ẹkún ìfẹ́ àti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sábà ń fi í sun. Ohùn rẹ̀ kì í fò láti ibì kan sí ibòmíràn bíi ti dùùrù. Ó ń yọ́ lọ, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì fi àlàfo sílẹ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan. Gángan wà ní abíyá onílù, kọ̀ǹgọ́ ń lu awọ, apá ń fún ọsán mọ́ra, ohùn gòkè. Apá dẹ̀, ohùn wálẹ̀. Láàárín méjèèjì ni ìyọ̀ kan wà tí ọmọ Yorùbá fi ń mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, kò kàn ń dún. Sunny ló gbọ́ pé irin àwọn ará Nashville àti igi àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ iṣẹ́ kan náà. Kò fi gìtá yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́, kò sì fi í wá ojú rere ẹnikẹ́ni. Ó fi í sí ibi tí èdè wa ti nílò rẹ̀. Bí gángan bá sọ gbólóhùn tán nínú Synchro System, tí gìtá náà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní í béèrè ohun tí irin òyìnbó ń wá níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó kàn án ní Nashville.

Ní 1986, Paul Simon gbé Graceland jáde. Àwo náà gba Grammy gẹ́gẹ́ bí àwo tó dára jù lọ́dún. Ẹni tó ta gìtá onípẹ́dàlì nínú orin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwo yẹn ni Démọ́lá Adépọ̀jù, ọmọ ẹgbẹ́ Sunny Adé. Ìró kan náà, láti ọwọ́ kan náà. Ní 1983 ó jẹ́ apá kan ohun tí wọ́n ní ayé kò gbà. Nígbà tó di 1986 ó wà nínú ilé gbogbo ní Amẹ́ríkà. Kí ló yí padà? Orúkọ tó wà lára páálí àwo ni.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọjà tí Sunny ń pa kò sí níbi tí Island ń wò. Ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn tó ń da kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú kọ ń ta orin ju ẹni tó ni ín lọ. Orin tó wà nínú takisí gbogbo lè má mú kọ́bọ̀ wọlé. Ibi tí owó eléré jùjú wà ni òde: ìsìnkú, ìkómọ, ìwúyè, ilé tuntun. Eléré ń wo ojú àwọn tó wà níjokòó, ó mọ ẹni tó yẹ ní kíkì, ó mọ ìgbà tí yóò dẹ ìlù sílẹ̀ kí ọlọ́jọ́ lè jó jáde, ẹni tó fẹ́ náwó á sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ọ̀nà ìnáwó yìí kò sí nínú Billboard. Ó sì ti bá wa dé ibi gbogbo. Ìyá ìyàwó lè wọ bàálù lọ ra wúrà ní Deira ní Dubai, kó kó o padà sí Ìkẹjà tàbí kó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan ní London tàbí Houston. Nígbà tó bá dé ibi tí wọ́n ń jó, orin Sunny ni ó ṣeé ṣe jù pé kí ẹgbẹ́ tó wà lórí ìtàgé máa kọ. Àwọn tó ń kọ ìtàn ìṣubú kò tíì ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn olùgbọ́.

Ẹgbẹ́ African Beats tú ká ní tòótọ́ lẹ́yìn àkókò Island, ó sì jẹ́ àdánù. Sunny kó ẹgbẹ́ mìíràn jọ, ó pè é ní Golden Mercury. Ní 1989, òun àti Onyeka Onwenu fi Wait for Me wàásù ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún àwọn ọ̀dọ́, orin náà sì gba ilé dé ilé. Odù jáde ní 1998, wọ́n sì tún yàn án fún Grammy. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín Synchro System àti Odù. Ẹni tó ṣubú ní 1983 kò lè tún máa dúró ní 1998, àyàfi tí kò bá ṣubú rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ń ṣe ètò orin àtijọ́ lórí rédíò, láti Ìbàdàn dé Èkó dé London, ó sì kan ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn orin ní yunifásítì wa, torí ẹnu yín ni àwọn tí a kò tíì bí ní 1983 yóò ti gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ lu Synchro System, ẹ má fi ọ̀rọ̀ Bob Marley ṣíde rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lu Synchro System Movement ti 1976, ẹ jẹ́ kó dún dé ìdajì ó kéré tán, kí ẹ tó gbé ti 1983 lé e. Ẹ dárúkọ ọdún méjèèjì fún àwọn olùgbọ́ yín, ẹ dárúkọ Démọ́lá Adépọ̀jù, kí ẹ sì jẹ́ kí àwo náà yí tán.